Bí Ọdẹ́rìndé Ṣe Fi Mọ́tò Ẹlẹ́sẹ̀ Méjì La Iyanrìn Ajẹmọ́tò Já

Ẹ kú ìjókòó o, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ fi ọbẹ̀ sílẹ̀ lórí iná tí ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Ẹ sún mọ́ mi dáadáa, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má bá mi du òkúta tí mo jókòó lé yìí. Ẹni tí oorun bá ń kùn, kó yáa lọ sùn báyìí, torí bí mo bá ti lanu, n kì í tètè pa á dé. Ọdẹ ni mí. Mo ti pa ẹfọ̀n tó pa ọdẹ mẹ́fà. Mo ti bá iwin jìjàkadì títí ó fi bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun lọ mumi. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, ẹ kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, iwin ọ̀hún kò sì sí níhìn-ín láti bá mi jiyàn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn akin ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ìtàn òmùgọ̀ kan tí mo mọ̀ dáadáa ni. Ọdẹ ni òun náà, Ọdẹ́rìndé lorúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń wúkọ́ yẹn, ẹ mumi kí ẹ jẹ́ kí n sọ̀tàn mi.

Ìyá Ọdẹ́rìndé ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ìyá yìí ti lọ wẹ ọmọ fún ọmọbìnrin rẹ̀ Ọdẹ́bùnmi, ẹni tó lọ́kọ sí ìlú Olójúlẹ́yìn, ní òdì kejì igbó iwin. Oṣù mẹ́ta ló dá fún wọn nílé, ọdún mẹ́ta ló lò níbẹ̀, torí pé bí wọ́n bá ti ń já ọmọ kan lẹ́nu ọmú ni òmíràn ti ń kanlẹ̀kùn. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn lọ. Ọlọ rẹ̀ ńkọ́, ọlọ òkúta dúdú tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà tó ti délé ọkọ? Orí ara rẹ̀ náà ló fi rù ú, nítorí ó ní ata tí ènìyàn bá lọ̀ lórí ọlọ ọlọ́lọ kì í kúná. Ní ọdún kẹta, orúnkún wá kọ̀ fún un. Ó ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ pé: "Wá gbé mi wálé kí òjò tó rọ̀. Ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ ni mo fẹ́ sùn sí."

Ẹ̀yin náà mọ irú oorun tí àgbà ń sọ. Ọdún náà sì ni ọdún odò: bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, odò ni yóò bo ojú ọ̀nà igbó yẹn, ọdún méje gbáko ni odò náà fi ń wà níbẹ̀ kó tó fà. Ìyá arúgbó wo ni yóò dúró de odò fún ọdún méje? Ọdẹ́rìndé fẹ́ràn ìyá rẹ̀ gan-an. Nígbà tó gbọ́ iṣẹ́ náà, ó wọ yàrá lọ, ó sunkún bí ọmọ ọwọ́. Nígbà tó jáde, ó ní eruku ló kó sí òun lójú.

Ó ní mọ́tò kan, pikọ́ọ̀pù àtijọ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún ẹrù. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ Múfútáù mẹkáníìkì, ọkùnrin kúkúrú kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tí kì í sì í pọ́n ènìyàn lé ju bó ti yẹ lọ. Múfútáù rá wọ abẹ́ mọ́tò, ó rá jáde, ó nu ọwọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjì nìkan ló ń ṣiṣẹ́ lára mọ́tò yín yìí. Méjì iwájú kàn ń júwe ọ̀nà ni. Àwọn olówó ní èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí a gúnyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó. Owó kékeré tó wà lọ́wọ́ yín yìí, ẹ fi ra táyà méjì tó léyín, kẹ́ ẹ fi sẹ́yìn. Ẹ ra ṣọ́bìrì kan, ẹ wá pákó méjì tí ẹ máa tẹ́ sábẹ́ táyà bó bá rì. Ẹ jẹ́ kí n fi awo àgbá, irin pẹlẹbẹ tí mo gé lára àgbá epo, bo abẹ́ ẹ́ńjìnì. Kẹ́ ẹ sì di ẹrù wúwo sẹ́yìn, àpò iyanrìn náà tó. Bẹ́ ẹ bá dé ibi tí ilẹ̀ ti rọ̀, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn jáde díẹ̀ nínú táyà kó lè tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó parí."

"Ó parí kẹ̀?" Ọdẹ́rìndé wò ó tìyanu-tìyanu. "Múfú, mo ní igbó iwin ni mò ń lọ, ìwọ ń bá mi sọ̀rọ̀ ṣọ́bìrì! Iwin wo ló máa rí ṣọ́bìrì kó sá?"

"Ẹ̀gbọ́n, iwin kọ́ ni mò ń sọ. Ilẹ̀ ni mò ń sọ."

Ọ̀rọ̀ náà kò wọ Ọdẹ́rìndé létí. Ẹ mọ ìṣe àwa ọdẹ. Bí ọdẹ bá pa ẹran ńlá, iwájú ilé ló ń gbé agbárí rẹ̀ kọ́, kò sí ẹni tí ń gbé e kọ́ ẹ̀yìnkùlé. Nítorí náà, iwájú mọ́tò ni Ọdẹ́rìndé kó gbogbo owó rẹ̀ lé. Ó ní kí wẹ́dà jó irin gbọ̀ngbọ̀n-gbọngbọn kan mọ́ ọn nímú, ó ní kó so ìwo ẹfọ̀n méjì mọ́ irin náà, kó to iná mẹ́fà sórí ìwo, kó sì fi fèrè kan sí i tó jẹ́ pé bí a bá fọn ọ́n, adìẹ ń yé ẹyin òjijì. Ó kọ ọ́ sí iwájú gíláàsì pé ÀJÀNÀKÚ KỌJÁ MO RÍ NǸKAN FÌRÍ. Ti táyà ńkọ́? Ògbólógbòó táyà tó pá bí orí bàbá àgbà ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò pààrọ̀ wọn. Ọ́ìlì dúdú ló fi pa wọ́n títí wọ́n fi ń dán. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Awo àgbá nìkan ni Múfútáù tìkára rẹ̀ dè sábẹ́ ẹ́ńjìnì láìgba kọ́bọ̀, ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n máa sọ lọ́la pé ọ̀dọ̀ òun ni olóògbé ti kúrò.

Ọjọ́ tí Ọdẹ́rìndé ń lọ, gbogbo ìlú ló jáde wá wo iwájú mọ́tò. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n pè é ní baba ọdẹ. Ó wọ gbérí rẹ̀, ẹ̀wù ọdẹ tí àdó àti owó ẹyọ bò, inú rẹ̀ dùn débi pé fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó gbàgbé ìdí tí òun fi ń lọ.

Nígbà tó wọ igbó, àwọn Kùkùté Agbénikùn ló kọ́kọ́ pàdé. Iwin ni wọ́n, orí igi gígé ni wọ́n gbé wọ̀. Wọ́n máa ń sùn sínú koríko lójú ọ̀nà, bí mọ́tò bá ti gorí wọn, wọ́n á na ọrùn sókè, wọ́n á fi orí kan ikùn rẹ̀ títí ọ́ìlì rẹ̀ á fi dà nù bí ìfun. Wọ́n rí Ọdẹ́rìndé, wọ́n na ọrùn. Gbàù! Orí àkọ́kọ́ fọ́ lára awo àgbá. Gbàù! Orí kejì là sí méjì. Àwọn yòókù di orí mú, wọ́n ké "yéè," wọ́n sá wọ ihò. Ọdẹ́rìndé gbọ́ igbe wọn, ó yọrí lójú fèrèsé, ó ní, "Ẹ rí ìwo, ẹ sá! Ẹ lọ sọ fún àwọn tó kù!" Awo àgbá gba ènìyàn là, ìwo ẹfọ̀n lẹ́ni náà ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ó kọjá lórí pápá iyanrìn funfun kan tó lọ salalu. Kò rì. Iyanrìn Ajẹmọ́tò ni wọ́n ń pè é, kì í sì í jẹ ẹni tó ń lọ. Ẹni tó ń bọ̀ ló ń jẹ, torí ó ní oúnjẹ ilé àna máa ń jẹ́ kí ènìyàn lọ́ràá. Ọdẹ́rìndé kò mọ èyí, ó rò pé iyanrìn náà ń bẹ̀rù òun ni.

Ó dé ẹnubodè ìlú Olójúlẹ́yìn. Àwọn ará ìlú yìí, ìpàkọ́ ni ojú wọn wà. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ọ, wọ́n á kẹ̀yìn sí ọ. Ọdẹ́rìndé fọn fèrè, ó tan iná mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ́sàn-án gangan, ó ń retí ìyìn. Wọn kò wo iwájú mọ́tò rárá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni gbogbo wọ́n rọ́ lọ, wọ́n ń wo inú ibi ẹrù, wọ́n ń mi orí.

"Ó ṣófo o," ni oníbodè wí, arúgbó kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ wà lẹ́yìn ọrùn. "Ọdẹ, mo ní àlọ́ kan fún ọ kí o tó wọlé. Àwọn mẹ́rin jọ lọ sóko. Méjì ń kọ ebè, méjì ń yan kiri. Oúnjẹ dé. Ta ni kí á gbé e fún?"

Ọdẹ́rìndé kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Àwọn tí ń yan kiri ni. Àwọn ló jọ ènìyàn ńlá."

Oníbodè rẹ́rìn-ín títí omijé rẹ̀ fi ń ṣàn gba gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sí bàǹtẹ́. Ó ní, "Máa wọlé, ọmọ mi. Irú yín kò lè ba ìlú jẹ́."

Nígbà tí Ọdẹ́rìndé fojú kan ìyá rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìyá ti gbẹ, ojú rẹ̀ nìkan ló ṣì ń mọ́lẹ̀ bíi ti àtijọ́. Ó fọwọ́ pa orí ọmọ rẹ̀, ó ní, "O dé. Mo ti ní kí n má retí rẹ mọ́." Inú Ọdẹ́rìndé bàjẹ́. Ẹrù ìyá wà nílẹ̀: òkìtì aṣọ kan, igbá kan, àti ọlọ.

"Màmi, ẹ wo òkúta yìí. Ẹ jẹ́ kí á fi í sílẹ̀ fún Ọdẹ́bùnmi. Bí a bá délé, mo máa ra ẹ̀rọ ìlọta fún yín."

"Ọlọ tí mo fi lọ ata fún ọ títí o fi hu irùngbọ̀n lo ń pè ní òkúta? Gbé e sẹ́yìn mọ́tò. Ibi tí ó bá kù sí lèmi náà ń kù sí."

"Ó dáa, mà," ni Ọdẹ́rìndé wí. Ó gbé ọlọ náà lọ sẹ́yìnkùlé bí ẹni tó fẹ́ gbé e sínú mọ́tò, ó gbé e pamọ́ sẹ́yìn ilé adìẹ, ó fi ẹní bò ó. Kí ló dé? Ojú ń tì í ni. Ó ti ń gbọ́ ohun tí àwọn ẹgbẹ́ ọdẹ yóò wí nílé: Ọdẹ́rìndé lọ igbó iwin, ọlọ ló pa bọ̀. Ó gbé ìyá rẹ̀ jókòó síwájú, níbi tí gbogbo ayé á ti rí i. Wọ́n dágbére fún Ọdẹ́bùnmi tẹkúntẹkún, wọ́n gbéra. Ojú ọ̀run ti ń ṣú.

Nígbà tí wọ́n dé àárín Iyanrìn Ajẹmọ́tò, mọ́tò dúró. Ọdẹ́rìndé fẹsẹ̀ tẹ iná mọ́tò. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì yí wìrìwìrì, wọ́n gbẹ́ ihò fún ara wọn. Ó tún tẹ iná. Wọ́n rì dé ìdajì. Irin iwájú wúwo, ẹ̀yìn fúyẹ́, àwọn ẹsẹ̀ tó yẹ kó ṣiṣẹ́ kò rí ẹrù tí yóò tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀.

Iyanrìn lanu, ó sọ̀rọ̀. "Ẹ káàbọ̀. Mo ti jẹ ọkọ̀ agégẹdú mẹ́ta, kò sí èyí tó gbé iná wá kí n fi rí oúnjẹ mi. Ẹ ṣeun o."

Ọdẹ́rìndé fọn fèrè. Àwọn ẹyẹ tó ń kọjá bà sórí igi láti wòran. Ó tan iná. Iyanrìn ní, "Mo ti ń rí wọn dáadáa." Ó pe ọfọ̀ tó fi ń lé ẹfọ̀n, iyanrìn ní kó tún un pe, torí òun fẹ́ kọ́ ọ. Ààrá sán ní ìsàlẹ̀ ọ̀run. Ìgbà náà ni ẹ̀rù wá ba Ọdẹ́rìndé, kì í ṣe ẹ̀rù iwin. Ó wo ìyá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó rí i pé bí odò bá dé, inú ihò tí òun fúnra òun gbẹ́ ni ìyá òun yóò sùn sí, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ bàbá òun.

 Ìyá wá yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Ọdẹ́rìndé, ọlọ mi dà?"

"Ó wà lẹ́yìn, mà."

"Láti ìgbà tí a ti kúrò nílé Ọdẹ́bùnmi, a ti bọ́ sí kòtò mẹ́tàlélógún. Ọlọ mi ì bá ti sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo mọ ohùn rẹ̀."

Ọdẹ́rìndé kúnlẹ̀ sínú iyanrìn. "Màmi, ẹ forí jì mí. Ẹ̀yìn ilé adìẹ ló wà. Ojú ló ń tì mí."

Ìyá kò bínú. Ó tú ẹnu ìró rẹ̀, ó yọ ọmọ ọlọ jáde, òkúta kékeré tí a fi ń lọ ata, tí kò jẹ́ kó kúrò lára rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti kúrò nílé. "Wò ó. Bí mo bá ń lọ ata, ọwọ́ tó ń lọ̀ ọ́ ni mo máa ń fi gbogbo ara tì. Bí ọwọ́ bá fúyẹ́, ata á máa sá kiri ni, kò ní kúná. Ẹsẹ̀ mọ́tò rẹ tó ń ṣiṣẹ́, kí lo gbé lé e?"

Ọ̀rọ̀ Múfútáù àti àlọ́ oníbodè papọ̀ nínú orí Ọdẹ́rìndé lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dìde, ó sáré padà sí ìlú Olójúlẹ́yìn. Oníbodè ti kẹ̀yìn dúró dè é.

"Baba," ni Ọdẹ́rìndé wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, "àwọn tó ń kọ ebè ni kí á gbé oúnjẹ fún."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Lọ gbé òkúta rẹ."

Ẹ̀yin ènìyàn, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ọdẹ tó pa ẹfọ̀n gbé ọlọ rù láàárín ọjà, gbogbo ìlú tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, wọ́n kẹ̀yìn sí i kí wọ́n lè rí i dáadáa, wọ́n ń kọrin pé:

Ọdẹ pẹran, ó gbé e rù,
Ẹran ò nírù, ẹran ò létí,
Ẹran tí ń lọ ata ni!

Ọrùn rẹ̀ wọ inú èjìká. Lójú ọ̀nà, ó ń rò ó pé ìyá òun ru nǹkan yìí fún ọjọ́ méjì gbáko lọ́jọ́ tó ń lọ wẹ ọmọ, òun kò sì bi í rí bóyá ọrùn dùn ún. Ó sunkún. Lọ́jọ́ yẹn, kò sọ pé eruku ni.

Nígbà tó dé, ìyá ti fi igbá wa iyanrìn kúrò níwájú táyà, ìyá tí orúnkún rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, ìdí ló fi ń wọ́ kiri. Ọdẹ́rìndé fi ṣóńṣó ọfà tẹ ẹnu táyà, atẹ́gùn jáde, táyà tẹ́ pẹrẹsẹ. Kò ní pákó. Ó wo irin iwájú rẹ̀, ó wo ìwo, ó wo iná mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ó tú gbogbo rẹ̀, ó tẹ́ irin sábẹ́ táyà kan. Ó bọ́ gbérí rẹ̀ tòun tàdó-tàdó, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ èkejì. Ó gbé ọlọ sẹ́yìn, sórí ibi tí ẹsẹ̀ ń ṣiṣẹ́ gan-an, ó gbé ìyá rẹ̀ jókòó lé e.

"Má tẹ iná lójijì o," ni ìyá ké láti ẹ̀yìn. "Bí ẹni ń lọ ògì fún ọmọ tuntun ni kó o ṣe é."

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n. Ọdẹ́rìndé tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Táyà pípá náà di irin mú, ó di ẹ̀wù mú, ó gùn. Mọ́tò jáde. Iyanrìn gbé ohun tó kù mì pẹ̀lú ìbínú, ìwo ẹfọ̀n há a lọ́fun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, fèrè ń dún nínú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá wúkọ́. Bí wọ́n ti gun etí pápá náà ni òjò bolẹ̀, tí odò sì bo gbogbo ibẹ̀ lẹ́yìn wọn.

Wọ́n wọ ìlú pẹ̀lú mọ́tò tí kò nímú mọ́, ìyá arúgbó kan jókòó sórí ọlọ lẹ́yìn bí olorì. Gbogbo ènìyàn ń bèèrè ìwo. Múfútáù nìkan ló bèèrè pé, "Awo àgbá ńkọ́?"

Ṣé ẹ rò pé Ọdẹ́rìndé kọ́gbọ́n? Ọ̀la rẹ̀ ló ti kó ènìyàn jọ. Ó ní òun fi ọfọ̀ gbẹ iyanrìn, òun fi ìwo gún odò. Ibi tó ti ń sọ ọ́ ni wọ́n ti gbọ́ nǹkan lẹ́yìnkùlé: kùrù, kùrù, kùrù. Ìyá ń lọ ata. Kò tilẹ̀ yọjú. Ọdẹ́rìndé pa ẹnu dé. Ọdún mọ́kànlá ni ìyá lò sí i nílé, bí ọmọ rẹ̀ bá sì ti ń fọ́nnu ju bó ti yẹ lọ, kùrù, kùrù, Ọdẹ́rìndé yóò dákẹ́, yóò ní ká sọ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Nígbà tí ìyá kú, ẹ̀gbẹ́ bàbá ni wọ́n sin ín sí, bó ti fẹ́. Wọ́n pín ogún. Àwọn ẹ̀gbọ́n Ọdẹ́rìndé mú oko kòkó, wọ́n mú ilé. Wọ́n bi Ọdẹ́rìndé léèrè ohun tó fẹ́, mo ní kí wọ́n fún mi ní ọlọ.

Òun ló wà lábẹ́ mi yìí. N kò gbà kí ẹnikẹ́ni lọ ata lórí rẹ̀ mọ́, kò sì sí ohun tó lè mú kí n dákẹ́ láti ìgbà tó ti dákẹ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi jókòó tì mí tí ẹ ń gbọ́ irọ́, tí ọbẹ̀ yín fi ń jóná. Ẹ dìde, ẹ lọ gbé e kalẹ̀.